PLÉÈNÌ ÀLÒKÙ TÓ FẸ́RẸ̀Ẹ́ DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀ LÁÀÁRÍN ÈMI ÀTI ÀBÚRÒ MI

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọkọ tó lé ìyàwó rẹ̀ jáde lóru. Ọ̀rọ̀ pléènì ni. Pléènì, ìfági, irinṣẹ́ tí àwọn káfíńtà fi ń fá pákó kó lè jọ̀lọ̀. Ẹni tó bá ń rò ó pé kí ló wà lára pléènì tí odindi ìwé ìròyìn yóò fi máa kọ ọ́, kó rọra fara balẹ̀. Owó mi wọ inú rẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí n tìtorí ẹ̀ di ọ̀tá ọmọ ìyá mi.

Àbúrò mi ọkùnrin kọ́ṣẹ́ káfíńtà fún ọdún mẹ́rin gbáko n'Ìbàdàn níbí. Nígbà tó ku oṣù méjì kó gba fírídọ̀ọ̀mù, ìyá wa pe gbogbo wa jọ. Màmá ní òun á ra ayùn àti òòlù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń tajà ní Gbági ní òun á gbọ́ bùkátà àsè àti ti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ó wá kan èmi. Èmi tí mò ń fi bírò jẹun, mo la ẹnu mi gbàràgàdà, mo ní pléènì dọwọ́ èmi. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

Mi ò mọ iye tí wọ́n ń ta pléènì nígbà tí mò ń ṣèlérí o. Àfìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ tuntun ni mo tó mọ̀ pé ẹnu mi ti kó mi sí wàhálà. Èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú wọn, owó ilé mi oṣù mẹ́ta ni. Èyí tó pọ́ọ́kú, irin rẹ̀ fúyẹ́ bí agolo mílíìkì, ọmọ tó ń tà á gan-an rọra sọ fún mi létí pé kí n má rà á. Ẹnì kan ní kí n kúkú lọ ra oníná. Oníná kẹ̀? Iná mànàmáná tí kì í dúró wákàtí méjì ní àdúgbò wa! Àti pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, káfíńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó bá ní jẹnẹrétọ̀ lòun fẹ́ fi máa fá pákó, epo ni yóò jẹ èrè rẹ̀ tán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ lọ. Mi ò ní dárúkọ ojú ọ̀nà náà, mi ò sì ní sọ bí ọkùnrin tó tà á fún mi ṣe rí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ máa ra ìwé ìròyìn yìí. Ó pè mí ní "ọ̀gá mi" tó ìgbà mẹ́fà kí n tó jókòó. Ó gbé pléènì kan jáde, ó dúdú, ó ń dán yinrin, epo ń kán lára rẹ̀. Ó ní Ìlú Ọba ló ti dé, pé àná ni kọ̀ńtẹ́nà já a sílẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára irin rẹ̀ pé England ni wọ́n ti ṣe é, mo tún rí nọ́ńbà 5. Ojú mi là. Mo san owó, kò tó ìdá mẹ́rin iye tí tuntun jẹ́. Orin ni mo ń kọ délé.

Àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Ọ̀dà dúdú bó sílẹ̀, ìpẹtà pupa yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ Ìbàdàn. Ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn abẹ, kò yí. Ó fẹ́ yọ abẹ, kò yọ. Ọwọ́ tí wọ́n ń dì mú ti là sí méjì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó wá gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi ìka tọ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, pàǹtí irin lẹ rà. Ẹ wò ó, ó ti sán."

Èmi náà bínú. Mo ní ṣé iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ náà ni kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún irinṣẹ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá má sọ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ yẹn kí mi tí kò wo ojú mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó ti gba owó iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ti gbé ìlẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà ńlá fún un, ìrókò gidi, òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò dá ṣe lórúkọ ara rẹ̀. Pléènì tí mo ṣèlérí ló gbójú lé. Mo sáré padà lọ bá oníṣòwò mi. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Kò tiẹ̀ pè mí ní ọ̀gá mọ́.

Ẹni tó gbà wá ni bàbá arúgbó kan ní ẹ̀yìn Mọ́kọ́lá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ irin. Màmá ló ní ká lọ bá wọn. Àwa méjèèjì dọ̀bálẹ̀, mo gbé pàǹtí mi kalẹ̀. Bàbá gbé e sọ́wọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n wò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló rà á?" Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá mi ni, sà." Bàbá ní, "Kò mọ ohun tó rà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà, nítorí ọmọ ìwé ìròyìn ni mí, mi ò lè ṣe kí n má wádìí. Ìfági kì í ṣe ohun àná. Nínú ìlú Pompeii lórílẹ̀-èdè Ítálì, tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, wọ́n hú ìfági àwọn ará Róòmù jáde. Ṣùgbọ́n irú èyí tí mo rà, tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tó ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sún abẹ síwá sẹ́yìn, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Leonard Bailey ló ronú kàn án. Ilé iṣẹ́ Stanley ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1869, láti ìgbà náà títí di òní, ìyàtọ̀ tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí rèé tí ti àtijọ́ kò fi burú ju ti òde òní lọ. Àwọn baba wa náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wá sí Èkó, àwọn ilé wọn àti mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ní ayé ìgbà yẹn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fá pákó, ibo ni iná wà?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n ní bí ara pléènì bá ti sán lóòótọ́, ká gbé e lọ bá àwọn tó ń ra àjákù irin, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àpẹẹrẹ kì í fara mọ́ wẹ́dà bí irin lásán, bí wọ́n bá jó o pọ̀ lójú kan, á tún sán lójú mìíràn. Ọkàn mi ń lù kìkì. Wọ́n ní kí àbúrò mi tú gbogbo rẹ̀, kó fọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kó gbẹ. Wọ́n wá da kẹrosíìnì sórí ìlà náà, wọ́n fi í sílẹ̀ bí ààbọ̀ wákàtí. Wọ́n nù ún gbẹ fínnífínní, wọ́n lọ ẹfun kúnná, wọ́n fi pa á lára bí àtíkè. Wọ́n ní ká jókòó. Bí irin bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọnú ibẹ̀ yóò sun jáde, yóò ya ìlà sára ẹfun náà.

A jókòó. Mi ò sọ̀rọ̀, àbúrò mi ò sọ̀rọ̀. Ìyàwó Bàbá gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, Bàbá ní, "Ẹ wò ó." Ẹfun funfun balau, kò sí ìlà kankan. Ojú ibi tí nǹkan ti ha á lásán ni. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fi igi kan án, ó dún gooro bí agogo. Wọ́n ní irin tó sán kì í dún bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dún kò, bí ìkòkò tó ti là. Ìgbà yẹn la tó rántí mọ́ínmọ́ín.

Ìpẹtà ló kàn. A kó gbogbo irin wẹ́wẹ́ sínú kẹrosíìnì mọ́jú. Kẹ̀kẹ́ tó kọ̀ tí kò yí, àbúrò mi fẹ́ fi ẹ̀mú fún un, Bàbá gbá a lọ́wọ́. Wọ́n ní òwú ẹ̀ lòdì, apá ibi tí a fi ń tú súkúrù mìíràn ni tiẹ̀ máa ń wọlé sí, ẹni tí kò bá mọ̀ á fún un já. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ lásán ló tú u. Àwọn irin tí ìpẹtà ti jẹ wọlé jù, inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ la kó wọn sí fún wákàtí díẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, a fi omi ṣan wọ́n, a sì fi epo pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi wọ́n sùn sínú omi ọsàn o, yóò jẹ irin náà gan-an.

Ọwọ́ tó là sí méjì kò gba Bàbá lákòókò rárá. Wọ́n ní kí àbúrò mi gbẹ́ òmíràn. Ó mú àjẹkù igi apá, ó fi ayùn gé e, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ó dá ihò sí i láàárín. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó dára tí ìwọ wà níbẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí àbúrò mi tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ kẹfà.

Iṣẹ́ tó gba ẹ̀mí wa ni àtẹ́lẹsẹ̀ pléènì, ìyẹn ìsàlẹ̀ tó ń rìn lórí pákó. Ẹ mú rúlà irin, ẹ gbé e lé e lórí nídùbúlẹ̀ àti lóròó, kí ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba abẹ́ rúlà jáde, ibẹ̀ ti jìn. Tiwa kan rúlà níwájú, ó kàn án lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Bàbá ní ibi tó burú jù kó ti jìn nìyẹn. Ẹnu pléènì ló yẹ kó tẹ pákó mọ́lẹ̀ kí abẹ tó gé e, bí kò bá tẹ̀ ẹ́, igi á máa fà ya. Iwájú, ẹ̀yìn, àti etí ẹnu rẹ̀ níwájú abẹ, ibi mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ibi tó kù bá jìn díẹ̀, kò sí wàhálà.

A wá gíláàsì fèrèsé tó nípọn, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó dúró dáadáa, a lẹ sáńpépà tó le, nọ́ńbà 80, mọ́ ọn lórí. A kó pléènì náà pọ̀ padà, abẹ wà nínú rẹ̀, a fún un bí ìgbà tí a fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a fa ẹnu abẹ wọlé pátápátá kó má baà kan sáńpépà. Mo béèrè pé kí ló dé tí a ò yọ abẹ kúrò. Bàbá ní bí ẹ bá fún abẹ mọ́ ọn, ara irin náà máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí ojú kò lè rí, bí ẹ bá tọ́ ọ nígbà tí kò sí abẹ, ọjọ́ tí ẹ bá fi abẹ sí i ni yóò tún wọ́. A fi pẹ́ńsù ya ìlà wọ́gọwọ̀gọ sí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ti í lọ, à ń fà á bọ̀. Ibi tí pẹ́ńsù bá ti pa rẹ́, ibẹ̀ ló ń kan sáńpépà. Ibi tí pẹ́ńsù bá ṣì wà, ibẹ̀ ṣì jìn. Ẹ má tẹ ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ, ẹ má sì jẹ́ kó máa mì bí ọkọ̀ ojú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni yóò rí kọ̀ǹdọ̀ bí ikùn àwo.

Ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà wá. Apá mi bó. Èmi àti àbúrò mi ń gba á lọ́wọ́ ara wa, a kọ́kọ́ ń gbà á láìsọ̀rọ̀, nígbà tó yá a bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí kálukú tì í. Ó ní èmi kì í ka ọgọ́rùn-ún pé. Irọ́ ni. Nígbà tí pẹ́ńsù pa rẹ́ ní etí ẹnu rẹ̀, a yí sí nọ́ńbà 120, lẹ́yìn náà a lo 240, ó parí.

Ibí yìí ni mo ti ṣe èyí tí ojú ń tì mí láti sọ. Ó ku abẹ. Ìpẹtà ti jẹ ẹnu rẹ̀, ó rí gánńgàngán. Bàbá ní ká máa fi òkúta ìpọ́nbẹ pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Èmi wò ó pé ìgbà wo la máa pọ́n ọn tán? Wẹ́dà kan wà ní ìkóríta wa tó ní ẹ̀rọ ìpọ́nrin oníná. Mo yọ́ gbé abẹ náà lọ bá a láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, iná ń ta pàrà, ẹnu abẹ ti dúdú, ó ti pọ́n bíi búlúù. Ó wù mí lójú, mo ní àrà nìyẹn. Mo gbé e dé, Bàbá gbà á, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ ìwé ìròyìn, o ti sè é." Irin abẹ tó bá gbóná débi tó pọ́n bíi búlúù, líle rẹ̀ ti lọ. Ó lè mú lónìí, ṣùgbọ́n kó tó fá pákó mẹ́ta á ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ, kó máa kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì máa rì í bọ omi léraléra, ọwọ́ lásán ló gbọ́dọ̀ lè dì í mú nígbà gbogbo.

Àbúrò mi ni mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Kò wí nǹkan kan. Ó mú òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ibi búlúù yẹn dànù, bíi mílímítà mẹ́ta, títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Abẹ pléènì ní ojú méjì, ẹ̀yìn tó tẹ́jú àti iwájú tó dà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, iwájú nìkan ni wọ́n máa ń pọ́n. Ẹ̀yìn ni Bàbá kọ́kọ́ mú. Wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí òkúta, wọ́n pọ́n ọn títí tí ibi tó sún mọ́ ẹnu fi ń dán bíi dígí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn o, etí ẹnu ibẹ̀ nìkan tó. Bí ihò ìpẹtà kan bá kù síbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu abẹ yóò ti já, yóò sì máa fi ìlà sára pákó. Iwájú rẹ̀ wá dà sílẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 25, a sì fi dígírì 30 mú ẹnu rẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò ní ohun tó fi ń wọn dígírì, kó wo bí abẹ rẹ̀ ṣe nípọn tó. Tí ibi tó dà sílẹ̀ bá gùn ju ìlọ́po méjì sísanra rẹ̀ lọ díẹ̀, ó ti débẹ̀. Tiwa nípọn tó mílímítà méjì, nítorí náà ibi tó dà sílẹ̀ kò ju bíi mílímítà márùn-ún lọ.

Ẹ pọ́n ọn títí tí ẹ bá fi ìka kàn án lẹ́yìn, tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́ kọjá sẹ́yìn, tó ń họni ní ìka, láti igun kan dé ìkejì. Bí kò bá tíì họni, kò tíì mú, ẹ má tan ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ra òkúta lẹ́ẹ̀mejì kí èyí tó ṣẹ́ náà bọ́ dànù. Bàbá tún ní ká pọ́n igun méjèèjì díẹ̀ ju àárín lọ kó má baà máa fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀ lórí pákó. Wọ́n fi irun apá wọn dán an wò. Irun náà lọ. Àbúrò mi fi tiẹ̀ dán an wò, ó lọ. Èmi ò dán an wò.

Irin kan tún wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn abẹ, òun ló ń fọ́ èérún tí abẹ bá gé kó tó ká. Ọ̀pọ̀ káfíńtà ni kì í bìkítà nípa rẹ̀. Ẹ dè é mọ́ abẹ, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá bó ti wù kó kéré tó, èérún yóò máa há síbẹ̀, pléènì yóò sì máa pọ̀ ọ́ jáde bí ọmọ tí wọ́n fi túláàsì fún lágbo. Tiwa kò bára mu. A fi òkúta pọ́n ẹnu rẹ̀, a rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó lè jẹ́ pé etí iwájú ni yóò kọ́kọ́ kan abẹ. A wá dè é kó jìnnà sí ẹnu abẹ ní nǹkan bíi mílímítà kan ààbọ̀.

Irin tí abẹ jókòó lé, ọ̀pọ̀lọ́ ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Kí ló fi jọ ọ̀pọ̀lọ́, ẹ bá mi bi wọ́n. A fọ ìdí rẹ̀ mọ́, a rí i pé kò mì, a sì sún un kó ṣe déédéé ẹ̀yìn ẹnu pléènì. Ẹni tó bá fẹ́ fi fá pákó jọ̀lọ̀ lè sún un síwájú kí ẹnu rẹ̀ fún. Ẹni tó fẹ́ fi já pákó gbuu, kó jẹ́ kó gbòòrò. Ìdérí tó ń tẹ abẹ mọ́lẹ̀, ẹ má fún un pa. Kó kàn mú abẹ dáadáa, kí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ṣì lè sún un.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tọ́ ọ, ẹ dojú pléènì délẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti iwájú bí ẹni tó ń wo ojú ìbọn. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀tún, abẹ yóò máa yọjú bí irun dúdú. Bí apá kan bá yọ ju èkejì lọ, ọ̀pá kékeré tó wà lókè abẹ la fi ń tọ́ ọ. Bí ẹ bá yọ ọ́ jù, ẹ fà á padà wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ lórí fífà sẹ́yìn. Ẹ tún tì í síwájú díẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ náà máa ń ní àyè tó ṣófo nínú, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ á máa yẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá fi àbẹ́là ra ìdí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n gbé pákó arère kan kalẹ̀, wọ́n na pléènì sí àbúrò mi. Ó tì í. Èérún pákó jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, ó ká wọ́ bíi ríbọ́ọ̀nù ọmọ ilé ìwé. Ariwo tó ń pa, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣìììì, bí ẹni tó ń fa aṣọ àrán ya díẹ̀díẹ̀. Mo mú èérún náà, mo gbé e síwájú bébà tí mo fi ń kọ̀wé, mo sì ń ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n arère kì í ṣe ìrókò. Arère rọ̀. Nígbà tó kan pákó ìlẹ̀kùn ìyá àgbà gan-an, ó fá ẹsẹ̀ bàtà méjì dáadáa, ibi kẹta igi náà ya gbàgà. Ojú àbúrò mi rẹ̀wẹ̀sì. Bàbá ní ìrókò máa ń rí bẹ́ẹ̀, òwú ara rẹ̀ ń lọ síhìn-ín, ó ń lọ sọ́hùn-ún, ọ̀nà tó gbà rọ lápá kan kọ́ ló gbà rọ lápá kejì. Wọ́n ní ká tú irin ẹ̀yìn abẹ, ká sún un mọ́ ẹnu abẹ sí i, kó ku ìdajì mílímítà, ká sì fa abẹ wọlé kí ohun tó ń gé fúyẹ́. A ṣe é. Ó le láti tì, ṣùgbọ́n kò ya mọ́. Wọ́n tún ní kó máa wojú pákó dáadáa, nítorí ìrókò a máa ní òkúta nínú, òkúta gidi tó ń hù sínú igi, bí abẹ bá fi lè pàdé ẹ̀, ẹnu rẹ̀ á já. Ẹ̀ẹ̀kan ló pàdé ẹ̀ kí ìlẹ̀kùn náà tó parí. Ó pọ́n ọn padà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè ní ṣebí ẹ̀rọ ìfági ńlá wà ní Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ó wà. Àbúrò mi náà fi fá ojú pákó rẹ̀ kó tó gbé e délé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ìlẹ̀kùn kọ́, tó fún mọ́ férémù lókè, tí kò wọ ìsàlẹ̀, ṣé Bódìjà ni wọn yóò tún rù ú padà lọ? Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi pléènì ra etí rẹ̀, ìlẹ̀kùn náà wọlé rẹ́mú, ìyá àgbà ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń ṣí i bí ọmọdé. Ó san owó tó kù lójú ẹsẹ̀. Ó ní kó padà wá wo fèrèsé méjì lẹ́yìn ilé.

Nílé, mo ní ẹsẹ̀ tábìlì tí mo fi ń kọ̀wé kan ga ju àwọn tó kù lọ, ó sì ń mì. Mo ní kí àbúrò mi yá mi ní pléènì náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n gbé tábìlì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, òun á bá mi fá a lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan abẹ òun mọ́.